Ṣé O Mọ̀? Súnkẹrẹ-Fàkẹrẹ Tí Kò Nídìí, àti Ìlú Tí Wọ́n Kọ́ Sínú Kọ̀ǹpútà

Ṣé o mọ̀ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè ṣẹlẹ̀ láìsí kòtò, láìsí ọlọ́pàá, láìsí ọkọ̀ tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà? Ní ilẹ̀ Japan, Yuki Sugiyama àti àwọn onímọ̀ físíìsì ẹgbẹ́ rẹ̀ fa òbìríkítí kan sílẹ̀ tí àyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 230. Wọ́n kó ọkọ̀ 22 sórí rẹ̀, wọ́n ní kí àwọn awakọ̀ máa sá eré kìlómítà 30 ní wákàtí kan, kí kálukú máa tẹ̀lé ẹni iwájú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò sí oríta níbẹ̀. Kò sí iná tíráfíìkì. Kò sí ẹni tó ń já wọ ọ̀nà lójijì. Fún ìgbà díẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Nígbà tó ṣe, ẹnì kan sún mọ́ ẹni iwájú jù, ó rọra tẹ bíréèkì. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ tirẹ̀ le díẹ̀ sí i. Ẹni kẹta tẹ̀ ẹ́ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí àwọn ọkọ̀ kan fi dúró gbagidi lójú ọ̀nà tí ohunkóhun kò dí. Ọdún 2008 ni wọ́n gbé àbájáde náà jáde, àwọn ènìyàn sì ń wo fídíò rẹ̀ káàkiri ayé títí di òní.

Ìdádúró ọ̀hún kò sì dúró sójú kan. Bí ọkọ̀ iwájú ṣe ń já kúrò nínú rẹ̀ ni òmíràn ń kó sí i láti ẹ̀yìn, nítorí náà ìdádúró náà fúnra rẹ̀ ń rìn sẹ́yìn ní nǹkan bíi kìlómítà 20 ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ kò sí ọkọ̀ kankan tó lo rìfáàsì. Ìdí nìyẹn tí o fi lè máa rá pálá lójú ọ̀nà márosẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ọ̀nà ṣàdédé là, kí o máa wo ọ̀tún wo òsì pé níbo ni ọkọ̀ tó dojú dé wà, kí o má sì rí nǹkan kan. Ẹni tó kọ́kọ́ tẹ bíréèkì ti délé, ó ti wẹ̀, ó ti ń jẹun. Ẹni tí o ń ṣẹ́ èpè fún níwájú rẹ kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Òun náà ń ṣẹ́ èpè fún ẹlòmíràn ni.

Láti 1955 ni àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì ní Britain, James Lighthill àti Gerald Whitham, ti fi ìṣirò hàn pé irú ìgbì bẹ́ẹ̀ wà láàárín ọkọ̀. Apá kìíní iṣẹ́ wọn dá lórí àkúnya omi nínú odò gígùn. Apá kejì ni wọ́n fi sọ ti ọkọ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Daniel Gerlough ní Yunifásítì California ní Los Angeles fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé ọkọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ nínú ìwé tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, nígbà tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ṣì ń gba odindi yàrá.

Ṣé o mọ̀ pé òfin mẹ́rin péré tó láti bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ? Tí o bá mọ ayò ta, fojú inú wo ọpọ́n kan tó gùn lọ rẹrẹẹrẹ, tí gbogbo ihò rẹ̀ tò sórí ìlà kan ṣoṣo, tí ihò kọ̀ọ̀kan ṣófo tàbí kó gba ọmọ ayò kan péré. Bí Kai Nagel àti Michael Schreckenberg ṣe kọ ojú títì sínú kọ̀ǹpútà nìyẹn ní Jámánì ní 1992. Ihò kọ̀ọ̀kan dúró fún mítà 7.5, ìyẹn àyè tí ọkọ̀ kan ń gbà nígbà tí gbogbo ọkọ̀ bá fún mọ́ra. Ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan ń ṣe nǹkan mẹ́rin. Bí eré rẹ̀ kò bá tíì tó ihò márùn-ún, yóò fi ẹyọ kan kún un. Bí ihò tó ṣófo níwájú rẹ̀ kò bá tó eré yẹn, yóò dín eré kù kó má baà gbá ẹni iwájú. Lẹ́yìn náà yóò ṣẹ́ gègé. Bí gègé bá mú un, yóò dín eré rẹ̀ kù ní ẹyọ kan láìnídìí. Paríparí rẹ̀, yóò sún síwájú ní iye ihò tó kù fún un.

Inú òfin kẹta yẹn ni ọmọ aráyé wà. Òun ni awakọ̀ tó yọjú wo fóònù, tó bojú wẹ̀yìn wo ọmọ, tó ń ro ti owó ilé-ìwé. Yọ òfin náà kúrò, ọkọ̀ á máa lọ láìdáwọ́ dúró títí ọ̀nà á fi kún dé àyè kan. Dá a padà, ìdádúró á hù níbi tí ohunkóhun kò sí, á sì máa rìn sẹ́yìn gẹ́lẹ́ bó ṣe rìn ní Japan ní ọdún 16 lẹ́yìn náà. Kọ̀ǹpútà ti fi hàn kí wọ́n tó fi ọkọ̀ gidi dán an wò lórí òbìríkítí.

Àwòṣe kékeré yìí kò sì dúró sínú ìwé. Ní ìpínlẹ̀ North Rhine-Westphalia, níbi tí ọ̀nà márosẹ̀ Jámánì ti kún jù, Schreckenberg àti àwọn ènìyàn rẹ̀ so ó pọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀rọ tó ń ka ọkọ̀ lójú títì. Bí ẹ̀rọ ṣe ń kà ni kọ̀ǹpútà ń fi òfin yẹn kún ibi tí ẹ̀rọ kò sí, ó sì ń sọ fún aráàlú ibi tí ọ̀nà máa há sí ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i, àti ní wákàtí kan sí i. Ìyọnu tuntun wá dé: bí gbogbo ènìyàn bá gbọ́ pé ọ̀nà A máa há, tí gbogbo wọn yà sí ọ̀nà B, ọ̀nà B ló máa há. Ẹni tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ nípa ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ro àwọn tó máa gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ náà mọ́ ọn.

Ṣé o mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì ni wọ́n ti kọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú inú kọ̀ǹpútà tó lókìkí jù? Los Alamos ni, ní New Mexico. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí níbẹ̀, tí Kai Nagel tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ wà lára wọn, kọ́ ètò kan tí wọ́n ń pè ní TRANSIMS. Dípò kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ní àpapọ̀ bí omi tó ń ṣàn, wọ́n dá olùgbé ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n kọ́ Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, sínú rẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.6 ènìyàn àfarawé ló ń jí láàárọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, tí wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n ń yà ra nǹkan bọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ẹni gidi, ṣùgbọ́n iye ọmọ inú ilé, ọjọ́ orí àti iṣẹ́ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan bá ti ìkànìyàn mu.

Kí ló dé tí a fi nílò ènìyàn kọ̀ọ̀kan? Nítorí pé ọkọ̀ kì í dá jáde nílé. Ìyá tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé kò lè wọ bọ́ọ̀sì tó ń kọjá ní agogo mẹ́wàá, bó ti wù kí bọ́ọ̀sì náà dára tó. Nínú MATSim, ètò tí Nagel àti Kay Axhausen kọ́ lẹ́yìn náà ní Berlin àti Zurich, ènìyàn àfarawé kọ̀ọ̀kan ní ètò ọjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Gbogbo wọn á jáde lọ́jọ́ kan náà, ọ̀nà á há mọ́ wọn lọ́wọ́. Lálẹ́, kálukú á gba máàkì: ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́, máàkì lọ sílẹ̀, ó tètè délé, máàkì gòkè. Àwọn díẹ̀ á wá yí ètò wọn padà, wọ́n á jáde ṣáájú, wọ́n á gba ọ̀nà mìíràn, tàbí kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin. Ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á tún jáde. Kọ̀ǹpútà á tún ọjọ́ kan náà ṣe lọ́pọ̀ ìgbà títí yíyí padà kò fi ní mú èrè wá fún ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà náà ni ẹnjiníà á tó ti afárá kan pa nínú ìlú náà láti wo ẹni tó máa jìyà rẹ̀.

Ìlú Portland yẹn tún ṣe iṣẹ́ tí ẹni tó kọ́ ọ kò kọ́kọ́ rò. Níwọ̀n ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti mọ ẹni tó wà nínú ilé kan pẹ̀lú ẹlòmíràn ní agogo mélòó, àwọn olùwádìí tú àrùn olóde sáàárín wọn (inú kọ̀ǹpútà ni o!) láti mọ bó ṣe máa ràn. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà jáde ní 2004. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí a bá tètè mọ̀, tí àwọn tó ń ṣàìsàn tètè jókòó sílé, a lè ká àrùn náà mọ́ láìfún gbogbo ìlú lábẹ́rẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà tuntun lè fi àsìkò kún ìrìn gbogbo ènìyàn? Dietrich Braess, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, ló fi èyí hàn ní 1968, ó sì dà bí irọ́ títí o fi máa ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé ọkọ̀ 3,000 ń ti ilé lọ sọ́jà láràárọ̀. Ọ̀nà méjì ló wà. Ti òkè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀nà tóóró, ó sì parí pẹ̀lú ọ̀nà gbòòrò. Ti ìsàlẹ̀ fi gbòòrò bẹ̀rẹ̀, ó fi tóóró parí. Ọ̀nà gbòòrò ń gba ìṣẹ́jú 35 nígbàkúùgbà. Ọ̀nà tóóró ń gba ìṣẹ́jú kan fún ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀ ọ́. Àwọn awakọ̀ á pín sí méjì, 1,500 lókè, 1,500 nísàlẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 pẹ̀lú 35, ó di 50 fún kálukú.

Gómìnà wá ṣoore. Ó kọ́ afárá kúkúrú kan sáàárín, láti òpin ọ̀nà tóóró àkọ́kọ́ dé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tóóró kejì, afárá tí kò gba àsìkò rárá. Gbogbo awakọ̀ á rò ó pé bí gbogbo ayé tilẹ̀ kó sí ọ̀nà tóóró, ìṣẹ́jú 30 ló máa gbà, kò tó 35 ti ọ̀nà gbòòrò. Gbogbo wọn á gba tóóró, á gun afárá, á tún gba tóóró. Ọgbọ̀n àti ọgbọ̀n, ó di 60. Ẹni tó bá ní òun kò ṣe mọ́, tó padà sí ọ̀nà gbòòrò, á lo 65. Wọ́n ti ná owó, wọ́n ti gé ríbọ́ọ̀nù, gbogbo ìlú sì ti pàdánù ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni hùwà òmùgọ̀. Afárá irú èyí kò fi ara hàn lójú àwòrán ilẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà lèèyàn ti máa ń já a.

Ní Seoul, ìjọba wó odindi ọ̀nà olókè kan tó gba àárín ìlú kọjá lórí odò Cheonggyecheon, ọ̀nà tí ọkọ̀ tó lé ní 100,000 ń gbà lójúmọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó o ní 2003. Nígbà tó di 2005, odò náà ti ń ṣàn ní gbangba. Àwọn kan ní ìlú máa dojú rú. Kò dojú rú. Mi ò ní sọ pé ìṣirò Braess nìkan ló ṣe é, nítorí wọ́n tún ètò bọ́ọ̀sì gbogbo ìlú ṣe ní 2004, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi ọkọ̀ wọn sílé.

Òdìkejì rẹ̀ wà ní Houston, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí dáadáa. Bí o bá ní ẹbí níbẹ̀, béèrè Katy Freeway lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ títí, iṣẹ́ parí ní 2008, ibì kan wà lórí rẹ̀ tó ní léènì 26 tí o bá ka àwọn ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn. Láàárín ọdún díẹ̀ ó tún há. Àwòṣe tó bá ka iye ọkọ̀ sí ohun tí kì í yí padà á ní ọ̀nà máa là. Àwòṣe tí ènìyàn inú rẹ̀ lè ronú pé “ọ̀nà ti gbòòrò, ẹ jẹ́ kí n lọ kọ́lé sí ìta ìlú” ló ń sọ òótọ́.

Àwọn aṣòfin Minnesota kò fẹ́ gbọ́ ti àwòṣe ní tiwọn. Iná kan wà ní ẹnu ọ̀nà márosẹ̀ ní Minneapolis àti St. Paul tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi 430 ni, inú sì ń bí àwọn awakọ̀ sí i. Ní 2000, ilé aṣòfin ní kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àsìkò ìrìn fi ìdá 22 nínú 100 pọ̀ sí i, ìjàǹbá ọkọ̀ fi ìdá 26 pọ̀ sí i. Wọ́n tan iná padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Stockholm kọ́kọ́ ṣírò, kó tó dán an wò. Ní oṣù kìíní 2006 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá wọ àárín ìlú tàbí tó bá jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló lòdì sí i. Ọkọ̀ tó ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń gba owó náà fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 dín kù, ó sì súnmọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà ti sọ ṣáájú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, aráàlú dìbò, àwọn tó ní kó máa lọ ló borí.

Ẹsẹ̀ ènìyàn náà ń há bí ọkọ̀. Ìdílé Yorùbá wo ni kò ní àlájì tàbí àlájà kan tó ti dé Minà, tó ti sọ òkò ní Jamarat? Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní 2006, ó lé ní 340 ènìyàn tó kú nínú ìfúnpọ̀ ní ẹnu afárá ibẹ̀. Dirk Helbing, tó ti ń kọ àwòṣe bí ènìyàn ṣe ń rìn láti 1995, bá àwọn ẹnjiníà Saudi fi kọ̀ǹpútà yẹ fídíò ọjọ́ náà wò. Ohun tí wọ́n rí bani lẹ́rù. Lákọ̀ọ́kọ́, èrò ń lọ geere. Lẹ́yìn náà, ìdúró-rìn, ìdúró-rìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá láàárín wọn láti iwájú sẹ́yìn, ìgbì kan náà tó mú àwọn ọkọ̀ 22 ní Japan. Lẹ́yìn èyí ni èrò wá ń rú, tí ẹnikẹ́ni kò lè yan ibi tí òun máa gbé ẹsẹ̀ sí mọ́.

Ìyẹn ni pé àmì wà kí ikú tó dé, ẹ̀rọ tó ń wòran láti òkè sì lè rí i. Fún Hájì tó tẹ̀lé e, ní òpin ọdún yẹn kan náà, wọ́n sọ àwọn ọ̀nà di àlọ láìsí àbọ̀, wọ́n sì pín àkókò fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Afárá àtijọ́ ti lọ. Alájà púpọ̀ ni wọ́n kọ́ rọ́pò rẹ̀. Ìfúnpọ̀ mìíràn tó tún pa ènìyàn ní Minà ní 2015, lójú títì ló ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe lórí afárá tuntun náà.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ńkọ́? O dúró ní ibùdókọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, méjì sì dé lẹ́ẹ̀kan náà. Gordon Newell àti Renfrey Potts ṣàlàyé rẹ̀ ní 1964. Bọ́ọ̀sì tó bá pẹ́ díẹ̀ á bá èrò púpọ̀ sí i níwájú, gbígbé wọn á tún mú un pẹ́ sí i. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní bá ẹnikẹ́ni, á máa sáré títí á fi bá a. Àfarawé fi hàn pé kí bọ́ọ̀sì ẹ̀yìn dúró díẹ̀ ló máa tún un ṣe. Lọ sọ ìyẹn fún èrò tó wà nínú rẹ̀.

Àwọn tó ń wakọ̀ lórí M25 tó yí London ká mọ èyí tó jọ ọ́. Láti 1995, bí ọkọ̀ bá ti ń pọ̀ ní apá kan rẹ̀, pátákó oníná á dín eré tí òfin gbà kù, kí gbogbo wọn lè lọ lọ́gbọọgba, kí ìgbì yẹn má baà hù. Ní Tucson, ní Arizona, wọ́n tún òbìríkítí Japan ṣe, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kọ̀ǹpútà ló ń darí eré ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ọkọ̀ tó lé ní 20. Ọkọ̀ náà kàn ń fi àyè sílẹ̀, kò kánjú dí i. Ìgbì náà kú. Epo tí gbogbo wọn ń jó fi tó ìdá 40 nínú 100 dín kù nígbà tí ó dára jù. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́ àwọn ọkọ̀ mìíràn lẹ́kọ̀ọ́ nínú àfarawé, wọ́n kó 100 lára wọn sí ọ̀nà I-24 ní Nashville ní oṣù kọkànlá 2022, láàárín àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ wọn láàárọ̀.

Èkó wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àwòṣe tí wọ́n kọ́ ní ilẹ̀ Jámánì gbà pé ọkọ̀ máa dúró nínú léènì rẹ̀, pé bọ́ọ̀sì máa dúró ní ibùdókọ̀. Ẹ fi í síwájú kọ̀ndọ́ tó ń ké “Ojúẹlẹ́gba, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!” láti ẹnu ilẹ̀kùn dánfó tó dúró sáàárín títì, ọ̀rọ̀ á yí padà. Iṣẹ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ Èkó sínú kọ̀ǹpútà ni láti dúró lójú títì, kó ka ọkọ̀, kó wọn ìṣẹ́jú tí dánfó ń lò láti gbé èrò kan, kó mọ ibi tí omi òjò ń sọ léènì mẹ́ta di ẹyọ kan.

Irinṣẹ́ rẹ̀ kò wọ́n. Àjọ tó ń ṣèwádìí òfurufú ní Jámánì ló ṣe SUMO, ọ̀fẹ́ sì ni láti nǹkan bí 2001. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Akọka tàbí Ifẹ̀ lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lónìí, kó fa àwòrán àdúgbò rẹ̀ wọlé láti OpenStreetMap tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ọkọ̀ sì máa rìn lójú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ètò kan tilẹ̀ wà nínú rẹ̀ tó gba ọkọ̀ láyè láti há ara wọn sínú léènì kan náà, kí ọ̀kadà lè gba àárín kọjá. Ti kòtò ni kò mọ̀: akẹ́kọ̀ọ́ náà ní láti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ eré tó kéré síbẹ̀, kòtò kọ̀ọ̀kan.